Ta Ló Yẹ Kó Sọ̀rọ̀? Àlàyé Lórí Ìfìyàjẹni, Ìdẹ́yẹsí àti Àwọn Tó Dúró Tí Wọ́n Ń Wò

Fídíò kan á bọ́ sórí WhatsApp lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kárí Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ti dé Kétu, ó ti dé Ṣábẹ. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀: ọmọ iléèwé kan nínú aṣọ kakí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, ẹnìkan ń tì í, ẹnìkan ń gbá a létí, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, fóònù sì ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àríyànjiyàn tó máa ń tẹ̀ lé e náà kì í yàtọ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n lé àwọn ọmọ tó lù ú kúrò níléèwé. Àwọn kan á ní ìjà ọmọdé lásán ni. Àmọ́ ìbéèrè kan kì í ṣàìjẹyọ: gbogbo àwọn tó dúró yẹn, ṣé kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè sọ pé ó tó?

Ìbéèrè yẹn ni àlàyé yìí dá lé. Kò mọ sí iléèwé nìkan. Ó kan ọjà, ó kan ọkọ̀, ó kan agbolé àti ibi iṣẹ́, torí pé ohun tí ọmọ ń ṣe sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà iléèwé, àgbà ń ṣe irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn níta, bí a ò tilẹ̀ fi orúkọ kan náà pè é.

Kí ló ya ìfìyàjẹni sọ́tọ̀ sí ìjà ọmọdé?

Lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí onímọ̀ ni Dan Olweus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Norway. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ló ti ń wádìí rẹ̀. Lọ́dún 1982, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀mí ara wọn ní Norway, wọ́n sì so ikú wọn mọ́ ìyà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń jẹ wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo iléèwé. Àmì mẹ́ta ni Olweus fi lélẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò títí dòní: ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó dun ẹnìkejì; kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra; agbára àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba, débi pé ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kò lè fi bẹ́ẹ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àmì kẹta yẹn ni àwọn tó ń jiyàn sábà máa ń gbàgbé. Bí ọmọ méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ bá wọ̀yá ìjà nítorí bọ́ọ̀lù, ìjà ni. Bí ọmọ mẹ́rin bá ń dúró de ọmọ kan lẹ́nu géètì lójoojúmọ́ tí wọ́n ń gba owó oúnjẹ rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fún un ní orúkọ ẹ̀sín tí gbogbo kíláàsì ń fi ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìyẹn kì í ṣe ìjà mọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Agbára náà kì í ṣe ti ara nìkan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lówó lágbára ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Ọmọ tó gbọ́ Faransé dáadáa lágbára ju èyí tó ń wọ́ ọ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ ṣe lágbára ju àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ.

Èyí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kó ìṣirò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ lọ́dún 2019, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 32 nínú 100 ló sọ pé àwọn ẹgbẹ́ àwọn fìyà jẹ àwọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láàárín oṣù kan ṣoṣo.

Ìdẹ́yẹsí ńkọ́, ṣé òun náà ni?

Ìdẹ́yẹsí jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n ni pé kì í ṣe ohun tí ẹni náà ṣe ni wọ́n ń bá a jà lé lórí, ohun tó jẹ́ ni: ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, ibi tó ti wá, ara tó gbé wáyé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í ní ariwo. Àfín wọ ọkọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rọra fà sẹ́yìn. Obìnrin Fúlàní tó ń ta wàgàsì, ìyẹn wàrà, kọjá ní Ṣábẹ, àwọn kan sì ń sín èdè rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé dé ibi iṣẹ́, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó wá láti apá Nàìjíríà ra ọjà, wọ́n ti ń pè é ní gbájúẹ̀ kó tó la ẹnu. Bí a bá mú u lọ́kọ̀ọ̀kan, á dà bí ohun kékeré. Ẹni tó ń bá a pàdé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ni kò kéré sí.

Ọmọ tí wọ́n fi sílé onílé náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn Gun àti Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Àṣà tó dára ni níbẹ̀rẹ̀: òbí á fa ọmọ lé ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ tó rí jẹ lọ́wọ́, kó lè kàwé tàbí kọ́ṣẹ́. Nínú ilé mìíràn, ọmọ náà di alágbàṣe tí kì í gba owó, tó ń jí kí gbogbo ilé tó jí, tó ń sùn lẹ́yìn gbogbo ilé. Ogiri agbolé kì í nípọn. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́.

A ò lè mẹ́nu kúrò lórí ohun kan tí iléèwé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ nílẹ̀ yìí: signal. Àwọn tó ti dàgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Igi ni o, egungun ni o, tàbí ohun mìíràn tí wọ́n á so mọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ níléèwé lọ́rùn. Kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá mú ọmọ mìíràn tó sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí iléèwé bá fẹ́ parí ni wọ́n máa ń nà. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí èyí ṣe sí èdè wa. Ohun tó ṣe sí ọmọ tó wà níbẹ̀ tó ń wò ṣe pàtàkì bákan náà: ó kọ́ ọ pé bí ìyà bá sọ̀ lórí ẹnìkejì, jíjìnnà sí i ló lè gbà ọ́, bó bá sì kàn ọ́, wá ẹlòmíràn tí wàá nawọ́ sí. Ìran tó gba ẹ̀kọ́ yẹn ló di òbí àti olùkọ́ lónìí.

Kí ló dé tí a fi ń dúró wòran?

Ìtàn kan ni wọ́n sábà máa fi ń dáhùn, ìtàn náà sì nílò àtúnṣe. Ní òru 13 Oṣù Kẹta 1964, wọ́n gún obìnrin kan tó ń jẹ́ Kitty Genovese lọ́bẹ pa ní àdúgbò Kew Gardens ní New York. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé èèyàn 38 ló ń wò ó, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pe ọlọ́pàá títí ó fi kú. Ọ̀rọ̀ náà ba gbogbo ayé lẹ́rù. Àsọdùn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó rí i ní tòótọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan jágbe mọ́ apànìyàn náà láti ojú fèrèsé, apànìyàn náà sì sá lọ kó tó tún padà wá. Obìnrin aládùúgbò kan sọ̀kalẹ̀ lóru náà, ó gbá Kitty mọ́ra bó ṣe ń kú lọ. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ gbà pé ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn ní àbùkù.

Ìwádìí tí ìtàn yẹn bí ló wúlò. Lọ́dún 1968, John Darley àti Bibb Latané fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn láti inú ẹ̀rọ. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń ké bí ẹni tí wárápá gbé. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, 85 nínú 100 ló dìde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí igbe náà tó parí. Nínú àwọn tó rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́, 31 péré ni. Wọn kì í ṣe ìkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò dìde ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí wọ́n sì ń bi ẹni tó wọlé wá pé ṣé ara ẹni yẹn ti yá.

Ohun mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀. Èkíní, bí èèyàn bá pọ̀, kálukú á rò pé ẹlòmíràn ti gbé ẹrù náà. Èkejì, a máa ń wo ojú ara wa láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Bí gbogbo èèyàn bá ń wo ojú gbogbo èèyàn, tí kò sí ojú tó fi ìdààmú hàn, a ó gbà pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ni ìtìjú: bó bá jẹ́ pé tọkọtaya ni wọ́n ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí ńkọ́? Ẹni tó bá ti dúró láàárín èrò ní ọjà Ouando rí, tó ń wo bí ọkùnrin kan ṣe ń fa ọmọbìnrin kan lápá, mọ bí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe ń dá ẹsẹ̀ dúró.

Èyí kò wá sọ pé èrò ọjà kò wúlò fún nǹkan kan. Àwọn olùwádìí kan wo fídíò kámẹ́rà ojú pópó ìjà àti àríyànjiyàn 219 ní Amsterdam, ní Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Cape Town. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019: nínú bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó kéré tán ẹnìkan dá sí i. Bí èèyàn bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dájú tó pé ẹnìkan á ṣe nǹkan. Ìwádìí méjèèjì kò ta kora. Agbára ẹnìkọ̀ọ̀kan lè dínkù láàárín èrò, kí ti èrò lápapọ̀ sì pọ̀ sí i, bí ẹnìkan bá ti lè kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀.

Ṣé àwa náà ń dákẹ́ ni?

Rárá o, kì í ṣe pátápátá. Ibi yìí ló sì yẹ kí a ti dúró pẹ́, torí pé ìwádìí òkè òkun kò lè sọ èyí fún wa. Ẹni tó bá ti gbé agbolé mọ̀ pé bí pàṣán bá ń dún, àwọn èèyàn á jáde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n á kan ìlẹ̀kùn, wọ́n á ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ bá wa fi jì í. Ọmọdé ni.” Nígbà mìíràn, pàṣán á dúró lóòótọ́.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. A ń bẹ ẹni tó ń lu èèyàn. Ẹ̀bẹ̀ sì ní ìtumọ̀ láàárín wa: ẹnìkan ti ṣẹ̀, a ń tọrọ àánú fún un. Bí ọmọ náà bá ṣẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀bẹ̀ tọ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ láìṣẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wa ti dá a lẹ́bi lójú gbogbo agbolé. Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n á tún fi kún un: “Ó yá, kúnlẹ̀, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.” Ẹni tí ìyà jẹ ló fi orúnkún kanlẹ̀, ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ ló gba ìkúnlẹ̀. Ìlù ọjọ́ yẹn ti dúró, àmọ́ ẹni tó ń lù ú kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ohun tó ṣe kò dára. Lójú tèmi, orí kókó yìí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti New York. Àìsọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro wa tó tóbi jù. Ẹni tí a ń dojú ọ̀rọ̀ kọ àti ohun tí a ń sọ fún un ni.

Ti ìdẹ́yẹsí tún yàtọ̀, torí pé kò sí pàṣán tó ń dún níbẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì ń bá wọn rín in. Ẹni tó ń fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín nílò ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan ní sísọ̀rọ̀ síta kì í ṣe àṣà wa, pé àwọn aláwọ̀ funfun ló kó o dé. Àwọn tó ń ta ko èyí máa ń tọ́ka sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 mọ́ àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣe pàtàkì fún aráyé, tí Kétu sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orírun rẹ̀. Ní òru kí ijó ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀, olórin abìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde. Á júbà àwọn ìyá, á ṣàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà á fi orin tú àṣírí ìwà tí kò dára láàárín ìlú, ìbáà jẹ́ ti ẹni ńlá. Ẹni tí orin bá bá wí kò gbọdọ̀ bá a jà. Nítorí náà, ìlú ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Àwọn tó wà lódìkejì náà ní èsì: wọ́n ní òru Ẹ̀fẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ìbòjú sì wà lójú rẹ̀, ẹni tó dúró lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń rí òtítọ́ kan. Àyè láti sọ̀rọ̀ wà nínú àṣà wa, ìlànà sì wà fún bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnìkan lè yí nǹkan padà?

Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ọgbà iléèwé ní Toronto. Fídíò ni wọ́n fi ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣeré. Nínú 88 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ọmọ kan ń fìyà jẹ òmíràn, àwọn ọmọ yòókù wà níbẹ̀. Wọ́n dá sí i nínú 19 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n dá sí i, ó ju ìdajì lọ tí ìyà náà dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìyẹn 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọdé ni wọ́n o.

Christina Salmivalli ti Yunifásítì Turku ní Finland ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa. Láti 1996 ló ti fi hàn pé ìfìyàjẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Àwọn tó ń ran aṣebi lọ́wọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín láti mú orí rẹ̀ wú wà níbẹ̀, àwọn tó yẹra wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà náà sì wà níbẹ̀. Iyì lójú àwọn ẹgbẹ́ ni aṣebi ń wá. Orí èyí ni ètò KiVa tí wọ́n ń lò níléèwé Finland dúró lé: kò fi bẹ́ẹ̀ lépa aṣebi bí kò ṣe àwọn tó ń wò, kí iyì yẹn má baà ṣeé rí mọ́.

Kí ni mo lè ṣe láì fara gbọgbẹ́?

Ẹgbẹ́ Right To Be, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Hollaback! tẹ́lẹ̀, ń kọ́ni ní ọ̀nà márùn-ún. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ la ti ń ṣe láì fún un lórúkọ.

Èyí tó rọrùn jù ni pé kí o gé ọ̀rọ̀ náà láì bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ọkùnrin kan ní ibùdó zémidjan, ìyẹn ibùdó ọlọ́kadà, ń fi obìnrin oníwàgàsì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ bá a, kẹ̀yìn sí wọn, kí o ní: “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Èló ni ẹ̀ ń ta wàgàsì yìí?” O kò bá wọn sọ̀rọ̀ rárá. O ti yọ ọ́ kúrò láàárín wọn, o sì ti pè é ní ìyá níwájú àwọn tí kò fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ iléèwé náà lè ṣe é: “Wá, olùkọ́ ń pè ọ́.” Bí olùkọ́ kò tilẹ̀ pè é, ó ti jáde kúrò láàárín wọn.

Ọ̀nà kejì ni kí o pe ẹni tí agbára rẹ̀ ju tìrẹ lọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti le jù láàárín wa. Ọmọ ogún ọdún kò lè dúró níwájú bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún kó ní “Ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn”. Bó bá sọ ọ́, àfojúdi rẹ̀ ni gbogbo èèyàn á máa sọ, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tí bàbá náà bú. Nítorí náà ó dára kó wá ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo lọ́dọ̀ bàbá náà: ìyálọ́jà, baálé, lèmọ́mù, olórí ibùdó, surveillant (ẹni tó ń mójú tó ìwà akẹ́kọ̀ọ́) níléèwé. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó lè kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kó sì sọ òtítọ́ síbẹ̀: “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Kò ṣe nǹkan kan fún yín.” Àpọ́nlé àgbà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ kò tọrọ àforíjì fún ẹni tí kò ṣẹ̀, ìyẹn ló sì yà á sí ẹ̀bẹ̀ tí a sọ lókè.

Ọ̀nà kẹta kò nílò ìgboyà rárá, síbẹ̀ òun la máa ń fo jù: lọ bá ẹni tí wọ́n ṣe é sí lẹ́yìn tí èrò bá ti tú. “Mo rí ohun tí wọ́n ṣe. Kò dára. Ṣé kí n sìn ọ́ délé?” Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lójú èrò sábà máa ń gbà pé gbogbo èrò náà ló wà lẹ́yìn aṣebi, torí pé ìdákẹ́jẹ́ kò ní àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí. Gbólóhùn yẹn nìkan ló lè tún èyí ṣe.

Sísọ̀rọ̀ tààrà ni ọ̀nà kẹrin. Ṣókí ló yẹ kó jẹ́: “Ó tó.” “Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.” Lẹ́yìn náà, kọ ojú sí ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí, má dúró bá aṣebi fa ọ̀rọ̀. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ti mutí yó, tàbí bí wọ́n bá pọ̀, kì í ṣe ọ̀nà tó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo tọ̀. Ìkarùn-ún ni kíkó ẹ̀rí jọ, òun ló sì fa awuyewuye jù.

Ṣé ó dára kí n fi fóònù ká a sílẹ̀?

Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé láìsí fídíò, ọ̀rọ̀ ẹni kékeré kò ní borí ti ẹni ńlá. Àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ pé fídíò ń fìyà jẹ ẹni náà lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ìtìjú tó yẹ kó parí lẹ́nu géètì ti wọ ìlú. Àríyànjiyàn náà rọrùn díẹ̀ bí a bá ya kíká a sílẹ̀ sọ́tọ̀ sí pínpín in kiri. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà márùn-ún yìí sọ ọ́ kedere: kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti ń ran ẹni náà lọ́wọ́, bí kò bá sí, fi fóònù sílẹ̀, ràn án lọ́wọ́. Bí o bá ká a sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ló ni ín. Òun ni yóò sọ bóyá kó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, sọ́dọ̀ iléèwé, tàbí kó má lọ síbì kankan.

Kí ni òfin Bẹ̀nẹ̀ sọ?

Òfin Ilẹ̀ ti 11 Oṣù Kejìlá 1990 sọ ní abala 26 pé gbogbo èèyàn dọ́gba níwájú òfin, láì fi orírun, ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí ipò láwùjọ ṣe. Àwọn òfin tó tẹ̀ lé e ló fún èyí lẹ́sẹ̀. Ti 5 Oṣù Kẹsàn-án 2006 dá lórí fífi ìbálòpọ̀ dààmú ẹni. Òfin ọmọdé jáde ní 8 Oṣù Kejìlá 2015. Òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara jáde ní 29 Oṣù Kẹsàn-án 2017. Ti 20 Oṣù Kejìlá 2021 mú ìyà le fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá sí èèyàn nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo.

Fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp àti Facebook, òfin tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ti 20 Oṣù Kẹrin 2018, ló ń darí rẹ̀. Abala 550 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí ọdún méjì, àti owó ìtanràn 500.000 sí 10.000.000 owó sẹ̀fà, dè ẹni tó bá fi ẹ̀rọ dààmú ẹlòmíràn. Àwọn iléèwé àti òbí kan rí ààbò nínú rẹ̀. Àwọn oníròyìn àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn rí nǹkan mìíràn: wọ́n ti ń ké pé abala yìí kan náà ni wọ́n fi ń gbé oníròyìn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ohun tó kọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé fídíò aṣebi síta kí ayé lè rí i gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìbínú rere kì í dáàbò bo ẹni níwájú abala yẹn.

Kí ni àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń sọ?

Àwọn òbí kan gbà pé ìyà ọwọ́ ẹgbẹ́ ló ń sọ ọmọ di akin, pé ẹni tí wọ́n ń gbèjà lójoojúmọ́ kò ní mọ bó ṣe lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù pé bí gbogbo ọmọ bá ń wá fẹjọ́ sùn, a tún ti dá signal padà, tí kálukú á máa ṣọ́ ẹnìkejì. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìtìlẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ń fi hàn ni pé ẹni tó fẹjọ́ sun ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lè jìyà yàtọ̀ sí ẹni tó sọ ọ́ kí ìyà lè kúrò lórí ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè mọ ìyàtọ̀ náà bí a bá fi hàn án. Àwọn àgbà kan náà ń sọ pé ẹni tó bá bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ ilé onílé ń wá wàhálà. Ìyẹn ni èrò tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílé onílé, òun ló sì fa á tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi máa ń pẹ́ kó tó hàn síta.

Ta ni a lè fi ẹjọ́ sùn?

Níléèwé, dírẹ́tọ̀ àti surveillant ni àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ òbí sì tẹ̀ lé wọn. Lóde, ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ará ìlú tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí CPS, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí GUPS, ló ń gba ẹjọ́ ọmọdé àti ti ìdílé. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tún ní ìlà tẹlifóònù ọ̀fẹ́, 138. Ti obìnrin, Institut National de la Femme lè gbé e dé ilé ẹjọ́. Kọmisáríà wà fún èyí tó bá ti di ìlù tàbí ìfipábánilòpọ̀.

Ibikíbi tí o bá lọ, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ kò pọ̀: kí lo fojú ara rẹ rí, lọ́jọ́ wo, níbo, àwọn wo ló tún wà níbẹ̀. Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, sọ pé o gbọ́ ọ ni. Bí o kò bá mọ orúkọ ọmọ náà, ilé tó ń gbé àti ọ̀nà tó ń gbà lọ pọnmi ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.